Ọbẹ̀ Yánrin Tó Ń Lọ Bá Múyì ní Lọ́ńdọ̀nù

Abà Ògúnlàdé,
Lẹ́yìn Olódò,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1993.

Morónikẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Bí o bá bèèrè tiwa, a dúpẹ́, ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti fúyẹ́, ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, òjò sì rọ̀ débi pé ìgbín ń rìn wọlé fúnra rẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ ìwọ náà ní Àpápá níbi tí o ti ń bá wọn kó oúnjẹ sínú ọkọ̀ ojú omi, kò ní jẹ́ kí ẹrù já lù ẹ́. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ò já sí asán, nítorí náà bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, mójú kúrò, èmi náà mójú kúrò lára tìrẹ nígbà tí o ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn.

Lẹ́tà tí o fi rán Sàníù tó ń ta ẹja tútù ní Olódò dé ọwọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní ọ̀gá rẹ ti gbà kí o fi páálí kan há àárín ẹrù wọn tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, pé kí n se ọbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ Múyì, kí Sàníù bá mi fi sínú yàrá yìnyín rẹ̀ títí á fi dì gbagidi, kí mọ́tò rẹ̀ tó máa ń lọ kó ẹja l'Ékòó sì gbé e wá fún ẹ. Mo jó nígbà tí mo kà á tán. Láti ọjọ́ tí Múyì ti sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé òun ò rántí bí ọbẹ̀ yánrin ṣe ń rí lẹ́nu mọ́ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lọ. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹni tó bá ti gbàgbé ọbẹ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀nà ilé ló kù tí yóò gbàgbé, pé ọmọ náà ti bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ iyán wọn tán lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ ló ṣa ìgbín, èmi ni mo já ewé yánrin létí odò, mo fi ẹ̀gúsí tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀ sè é. Mo bù ú sínú abọ́ tánńganran olómọrí tí ìyá mi fi sìn mí wá sílé ọkọ, torí inú rẹ̀ ni Múyì ti máa ń jẹun, tí yóò sì lá a kanlẹ̀.

Ohun kan ló kọ́kọ́ rú mi lójú. O ní àpótí onírin tó tóbi ju yàrá mi méjèèjì lọ ni oúnjẹ yóò wà, pé ẹ̀rọ kan á máa fẹ́ òtútù sí i láti ibí títí dé ọ̀hún. Àbẹ̀kẹ́, Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ní yìnyín ń já bọ́ níbẹ̀, òun náà lẹ tún ń ru òtútù lọ fún? Mo ní bóyá wọn ò sọ fún ọ̀gá rẹ ni.

Mo ti kún fọ́ọ̀mù tí o fi sínú lẹ́tà, o ṣeun tí o fi Yorùbá sábẹ́ òyìnbó rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bèèrè bí ẹrù ṣe wúwo tó, mo kọ ọ́ pé mo rù ú láti abà dé Olódò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ní báwo ni kí ó ṣe tutù tàbí kí ó gbóná tó nínú ọkọ̀, mo ní kí ó gbóná dáadáa ṣùgbọ́n kí ó má hó, kí yánrin má baà rà. Wọ́n tún bèèrè ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ta ló kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò ní bàjẹ́ lórúkọ Jésù. Àyè orúkọ ẹni tí yóò gbà á kéré, oríkì Múyì ò gbà níbẹ̀, mo bá kọ ìyókù sẹ́yìn ìwé.

Èmi ò tíì rí ọbẹ̀ tí a kì í gbé kaná. Láàárọ̀ a gbé e kaná, lálẹ́ a tún gbé e kaná, ọbẹ̀ tí a bá gbàgbé lọ́jọ́ kan péré, ó di kíkan. Ìwọ náà mọ̀, o ò tíì gbàgbé ọbẹ̀ ọdún Kérésì tí o fi sílẹ̀ láìgbé kaná àti ohun tí ojú rẹ rí lé e lórí. O wá ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ọkọ̀ yóò lò lórí omi. Mo bá di igi ayín mẹ́ta pẹ̀lú ìṣáná, mo kọ ìwé kékeré sí ọ̀gá ọkọ̀ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó máa bá mi gbé e kaná, bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí kí ó fà á lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Dírẹ́bà Sàníù wò mí títí, ó ní igi ò lè wọ mọ́tò òun.

Lọ́jọ́ kejì tí mo gbé ọbẹ̀ mi fún Sàníù, mo lọ wò ó. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá yìnyín, mo rí i tí nǹkan ń rú jáde bí èéfín, mo ní háà, wọ́n ti ń bá mi gbé e kaná. Mo fọwọ́ kan ọbẹ̀, ó dún kọ̀kọ̀ bí òkúta. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Sàníù ti lọ sí Èkó, mo bẹ Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀, mo gbé ọbẹ̀ sẹ́yìnkùlé, mo dáná sí i títí ó fi yọ́, mo sì gbé e padà sáàárín ẹja pẹ̀lú gbígbóná rẹ̀. Mo fi ìborùn mi bò ó kí òtútù má baà tètè mú un. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún Sàníù dé. Gbogbo ẹja tó yí abọ́ mi ká ti yọ́, wọ́n ti dì, wọ́n tún ti yọ́, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó jókòó sórí páálí, ó káwọ́ lérí. Ó ní Ìyá Múyì, wàláì, ká ní ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyá mi ni. Ó ní òtútù yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, pé èmi tí mò ń yọ́ ọ ni mò ń bà á jẹ́. Mo ní kò mọ ọbẹ̀ í sè. Kò bá mi jiyàn, ó wọlé, ó mú ẹja kan jáde, ó ní ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n ti mú un nínú òkun, pé kí n lọ dín in wò. Mo dín in. Bàbá rẹ jẹ ẹ́, wọ́n ní odò wo ni wọ́n ti pa á láàárọ̀ yìí. Mo lọ ṣí ọbẹ̀ mi tí mò ń gbé kaná. Òun gan-an ló ti kan.

Mo ti se òmíràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tó ti wà lọ́dọ̀ Sàníù, mi ò débẹ̀, ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà kí ẹsẹ̀ mi má baà yà. Mùjíbátù ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ náà àti lẹ́tà yìí ni yóò jọ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, pa ibi tí mo ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí ó gbóná rẹ́, kọ ọ́ pé kí ó dì. Èyí tí mo kọ nípa bíbàjẹ́, má fọwọ́ kàn án.

Bí o bá rí nǹkan kékeré, fi rán dírẹ́bà, n ó fi tu Sàníù nínú nítorí ẹja rẹ̀, bàbá rẹ sì ń fẹ́ bàtà òjò. Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, ilé ọkọ tí yóò mọ iyì rẹ ni wàá wọ̀, ojú wa ò ní ríbi lára rẹ.

Ó ku ohun kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dín ẹja yẹn ni mo ti ń rò ó. Ó ti pẹ́ nínú òtútù, ẹnikẹ́ni ò gbé e kaná, ọjọ́ tó sì pàdé iná mi, àfi bíi pé kò lọ ibì kankan rí. Mo ti bẹ bàbá rẹ pé kí wọ́n má ka ohun tí mo sọ nípa Múyì sí. Sọ fún un pé bó bá jẹ ọbẹ̀ náà tán, kò gbọdọ̀ fi abọ́ mi rán ọkọ̀ tàbí ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ó fi gbé e wá. Igi ayín tí dírẹ́bà kọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mi ò tíì fi dá iná kankan.

Èmi ni ìyá rẹ,
Gbọ́njúbọ́lá.