Àpótí Tí Màmá Fi Ń Gun Ọkọ̀ Àbúrò Wa

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Ara ìyàwó mi ti yá. Orúnkún ṣì ń dun Màmá, àmọ́ wọ́n ń lo oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò wa ti fi sípíríǹgì gígùn gbé pikọ́ọ̀pù rẹ̀ sókè, tiwájú tẹ̀yìn, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bíi bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Mekáníìkì ní kí èmi tí mò ń kó búlọ́ọ̀kì má dán an wò, pé ẹrù á máa fì í kiri ní kọ́nà. Ó ní kí n kàn gbé iwájú sókè díẹ̀, kó bá ẹ̀yìn dọ́gba.

Mo ti fẹ́ gbà. Àfi bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ mi fún Màmá lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n kọjá lára mi. Àbúrò gbé àpótí kalẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú, wọ́n sì gun tiẹ̀, tòun ti orúnkún yẹn! Wọ́n bojú wolẹ̀ látòkè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé orí ẹ ti ń pá láàárín?" Àbúrò rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá sípíríǹgì gígùn, tiwájú tẹ̀yìn. Ẹ ò ní mọ àìsàn, àwọn ọmọ á yàn, wọ́n á yanjú. Ẹ fi àpótí kan kún un.

Kó ṣáà ga ju tiẹ̀ lọ.

Èmi àbúrò yín tó dàgbà jù ú lọ.