Bùọ̀dá Báńkì àti Ẹ̀rọ Ìránṣọ Mi

                                        Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rí wọ́gọwọ̀gọ. O mọ ibi tí mo kàwé dé, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá wa ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Ọmọ rẹ ti ń rìn? Ara tèmi le. Ọkọ mi ń tọ́jú mi, ojú ṣì ń tì mí láti pè é ní ọkọ mi níta.

Owó tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, a fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kí èmi náà lè níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ní ká fi sí báńkì ná. Bùọ̀dá Báńkì ni mo ń pè é, torí báńkì àpapọ̀ tó ń tẹ owó jáde ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti jókòó sílé wa ní Sọ́ńdè, ó di: "Ẹ fọkàn balẹ̀. A ò ní kó owó níjàánu. Bí owó bá pọ̀ níta, tí èlé kéré, gbogbo ayé á rí nǹkan ṣe."

Owó pọ̀ níta lóòótọ́! Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ wo ẹ̀rọ yẹn, iye rẹ̀ ti tún sá síwájú. Èlé tí báńkì ń fún wa ò ra abẹ́rẹ́. Ọkọ mi ò sì lè yọ owó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa ní ó rí òun fín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ìyàwó Bùọ̀dá gbálé. Yéè! Páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sìmẹ́ńtì ní pálọ̀, táìlì dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Owó elélèé kékeré yẹn ni Bùọ̀dá yá, tó fi kó wọn jọ. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: "Ó ní òmùgọ̀ nìkan ló ń tọ́jú owó sí báńkì lásìkò yìí."

Sọ́ńdè dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbé omi fún un, mo ní: "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi kan sìmẹ́ńtì inú pálọ̀ yín o." Omi há a lọ́fun. Ọkọ mi wò ó, ó wò mí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà báńkì ló wà, ó lọ yọ owó wa.

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá kó owó níjàánu, èyí tí ọkọ mi fẹ́ yá ra pákó, èlé rẹ̀ á gbówó lórí. Kó gbówó lórí! Ó sàn ju kí tiwa máa yọ́ bí ọṣẹ inú omi, kí àwọn tó ń yọ́ ọ máa fi kọ́lé.

Owó náà ra orí ẹ̀rọ, kò ká ẹsẹ̀. Ọkọ mi ló ń fi pákó kan ẹsẹ̀ fún un báyìí, ó ní òun ni màá kọ́kọ́ rán ṣòkòtò fún. Bá mi kí ìyá wa àti baba ọmọ rẹ. Èmi ni tìrẹ, ìyàwó káfíńtà tí... ó ń pè mí o: "Ìyàwó, wá bá mi di ibí mú, ẹ̀rọ rẹ fẹ́ dìde!" Mo ń lọ dá a lóhùn.