Ọ̀nà Tí Ẹ Fi Bírò Pupa Fà

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Mo bá Dádì lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti padà dé. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà yín. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń pè mí pé kí n wá bá yín gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mo ní ṣífùtù. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, mi ò kàn rí ìdí tí mo fi máa fi ìsinmi mi tẹ̀lé bàbá àti ìyá mi kiri àwọn abúlé tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan. Ẹ dárí jì mí.

Dádì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo dé ilé yín ní Stretford, mo bá wọn nídìí tábìlì kíṣìnì, wọ́n ti tẹ́ máàpù yín sílẹ̀, èyí tí ẹ fi bírò pupa fa ọ̀nà sí. Mi ò tíì fara balẹ̀ wò ó rí. Ẹ kọ "omi" síbi tí ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu ọ̀nà ìtẹ́ òkú abúlé kan. Ẹ kọ "ajá burúkú" sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan. Ẹ kọ "búrẹ́dì tó dáa" síbi mẹ́ta.

"Ọ̀nà ìyá rẹ ni mo fẹ́ gùn lọ́dún yìí náà," wọ́n ní. "Bó o bá máa bá mi lọ, ó dáa. Bó ò bá lọ, mo mọ̀nà."

Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, Mọ́mì? Àbí ẹ̀yìn yín ni wọ́n kàn ń tẹ̀lé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?

Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n bá yín mójú tó bàbá mi. Mo ṣèlérí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo mọ̀, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sí wọn bí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù mi. Láàárọ̀, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin tram lọ síbi iṣẹ́ ní Wythenshawe, mo ti pè wọ́n láti béèrè iye tí ṣúgà ara wọn jẹ́. Lọ́sàn-án mo tún pè. Mo ń kọ ohun tí wọ́n bá jẹ sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ rìnrìn àjò yìí, èmi ni mo di ẹrù wọn. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, glúkóòsì oníhóró tí wọ́n ń jẹ bí ṣúgà bá já wálẹ̀, inú àpò kẹ̀kẹ́ tèmi ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Dádì ń wò mí.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Portsmouth, a sọ̀ kalẹ̀ ní Normandy, nílẹ̀ Faransé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo wá rí ohun tí ẹ máa ń sọ. Ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ò pọ̀ lórí ẹ̀, igi ápù lápá ọ̀tún, màlúù lápá òsì, tí wọ́n á gbórí sókè wò wá bí ẹni pé ó yẹ ká kí wọn. Àwọn òkè ibẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n wọn kì í tán. Bẹ́ ẹ bá ti gun ọ̀kan, òmíràn ti ń dúró. Dádì wà níwájú mi ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, èmi ń mí hẹlẹ hẹlẹ lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀nà yín wọ inú igbó. Mo ń kánjú láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án. Dádì gún abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n jókòó ti búrẹ́dì àti kọfí, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ pé ká máa lọ, ká máa lọ. Wọn ò jẹ búrẹ́dì yẹn tán. Mo rí i lórí àwo. Èmi, nọ́ọ̀sì, mo rí i, mo sì jáde.

Lẹ́nu igbó náà a dúró mu omi. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí a ti sin yín.

"Dádì, bí a bá délé, ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Kí n lè máa rí yín."

"O ń rí mi báyìí. Kí lo rí?"

Mọ́mì, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo ní, "Mo rí bàbá arúgbó kan tí kò lè dá wà."

Wọ́n dé àkẹtẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n rọra so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ó di inú igbó. Mi ò pè wọ́n padà. Inú ń bí mi. Mo jókòó sórí igi tí wọ́n gé lulẹ̀, mo jẹ ápù kan tán, mo tún mu omi. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó dìde. Ìgbà tí mo fẹ́ ti ike omi bọ àpò ni ọwọ́ mi kan glúkóòsì.

Abẹ́rẹ́ ti wà lára wọn, oúnjẹ ò sí nínú wọn, wọ́n sì ń gun òkè. Kò sí hóró súìtì kan lápò wọn, nítorí èmi ni mo kó gbogbo rẹ̀.

Mo gun kẹ̀kẹ́ bí mi ò ṣe gùn ún rí. Igbó náà ṣókùnkùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni, igi gíga lápá méjèèjì, koríko igbó dé etí ọ̀dà. Mo yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Mo ń pariwo "Dádì", ohùn mi ń padà wá bá mi. Lẹ́yìn bíi máìlì méjì mo dé oríta. Ọ̀nà mẹ́ta. Máàpù yín sì wà níwájú kẹ̀kẹ́ Dádì. Mo gbìyànjú láti rántí ibi tí bírò pupa yà sí, mi ò rántí. Mo wò ó lórí tábìlì kíṣìnì, ajá burúkú ni mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Mo yà sósì. Mo lọ títí mo fi rí ibi tí wọ́n to igi gẹdú jọ sí, ọ̀nà sì parí síbẹ̀. Mo padà. Àkókò tí mo fi lọ àti àkókò tí mo fi bọ̀, mo ń kà wọ́n sórí ẹ̀mí bàbá mi.

Bí mo ṣe padà dé oríta ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yọ. Obìnrin kan tó á tó ọgọ́ta ọdún ló ń wà á, ó wọ bàtà òjò, koríko gbígbẹ ló kó sẹ́yìn ọkọ̀. Mo dúró sí àárín ọ̀nà. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, èmi ò sì gbọ́ èdè tiẹ̀. Mo ní "Papa." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. Mo fọwọ́ júwe kẹ̀kẹ́, mo fọwọ́ júwe ẹni tó ń ṣubú. Ó wo ojú mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ju kẹ̀kẹ́ mi sórí koríko, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀nà ọ̀tún ló gbà.

Kẹ̀kẹ́ Dádì la kọ́kọ́ rí, táyà iwájú rẹ̀ nínú kòtò. Dádì wà ní ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá sí i, wọ́n fẹ̀yìn ti igi, òógùn ti rẹ ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n ń já ewé ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sórí itan. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́, o pẹ́."

Oríkì yín ni wọ́n fi pè mí.

"Ẹ la ẹnu yín."

"Mi ò jẹ nǹkan kan. A ò tíì dé."

Wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù, glúkóòsì méjì bọ́ sínú koríko. Obìnrin yẹn kúnlẹ̀ sẹ́yìn wọn, ó gbé orí wọn sí àyà rẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ní, "Ẹ jẹ ẹ́, ká lè máa lọ." Mi ò sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni Àbẹ̀kẹ́. Ṣé mo ṣe dáadáa? Wọ́n lanu. Wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ méjì, wọ́n jẹ mẹ́ta. Obìnrin náà mú omi ápù wá látinú ọkọ̀, a fún wọn ní díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìka mú ọrùn ọwọ́ wọn, mo ń ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń sọ. Ó pẹ́ o, Mọ́mì. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ewé tó wà lórí itan wọn, wọ́n wo obìnrin tó dì wọ́n mú.

"Ta nìyí?" wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n sì pè mí ní orúkọ mi.

Obìnrin náà gbé wa lọ sílé oko rẹ̀, ó pe dókítà, ibẹ̀ la sì wà títí dókítà fi dé. Obìnrin náà fún Dádì ní búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ó jókòó síwájú wọn títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Mo bẹ Dádì. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnì ẹni ẹlẹ́ni, mo gbàgbé pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde.

"Ìyá rẹ ló máa ń mọ̀," wọ́n ní. "Bí mo bá ti ń fà sẹ́yìn, á na ọwọ́ sẹ́yìn, súìtì á wà níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí a fi gun kẹ̀kẹ́, èmi ò kó o rí. Mi ò mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀."

Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ wọn, Mọ́mì? Àbí ó dùn mọ́ yín láti máa na ọwọ́ yẹn sẹ́yìn? Mi ò bá yín jà. Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé èmi náà ń ṣe bákan náà, láì ní sùúrù yín.

"Gbé àpò yẹn fún mi," Dádì wí.

Mi ò fẹ́.

"Àìsàn mi ni. Jẹ́ kí n gbé e."

Mo gbé e fún wọn. A sinmi lọ́jọ́ kejì, a sì gun èyí tó kù nínú ọ̀nà yín. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí wọ́n á dúró, wọ́n á gún ìka wọn, wọ́n á wo ẹ̀rọ, wọ́n á ka iye rẹ̀ sókè kí n tó lanu. Bí ó bá yẹ kí wọ́n jẹ nǹkan, wọ́n á jẹ. Èmi á wo inú oko. Kò rọrùn fún mi láti wo inú oko.

Òní ni Sunday. Lẹ́yìn ìsìn, Dádì gbé kẹ̀kẹ́ jáde, àwọn nìkan, wọ́n gba ẹ̀bá kánààlì lọ sápá Sale. Wọ́n ní wákàtí méjì. Èmi wà ní kíṣìnì yín níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú lórí wákàtí méjì báyìí, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Mo ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tíì pè. Tí mi ò bá máa kọ̀wé sí yín, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi ọwọ́ mi ṣe.

Mo gbọ́ géètì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, tí wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́. Mi ò ní dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó.