Oṣù Tí À Ń Sun Oko ní Kàkáò

Abúlé Kàkáò,
Gúyánà ti Faransé.
10 Oṣù Kìíní, 1979.

Ẹ̀gbọ́n mi Youa, ọmọ ìyá mi,

Ara ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi Pang, àbíkẹ́yìn yín, sílẹ̀? Ṣé ẹ sì ń rí omi pọn ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Ban Vinai? Àwa le koko níbí. Kódà mo ti sanra díẹ̀, ẹnu mi ṣì mú bíi tàtijọ́.

Ẹ ní kí n sọ òótọ́ kí ọkọ yín tó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Faransé láti kó yín wá síbí, torí wọ́n ti sọ fún un pé ilẹ̀ ibí kì í mú oúnjẹ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, àwa gan-an la fa ọ̀rọ̀ yẹn. Ilẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Lọ́dún tó kọjá, a gé igbó lulẹ̀ nínú oṣù Kejì, a wá ń dúró de oṣù Kẹrin ká tó finá sí i, bí àwọn baba wa ti ń ṣe ní Laos. Oṣù Kẹrin dé, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òjò kò fi dá. Igi ò jó, ìrẹsì tí a gbìn sáàárín rẹ̀ sì jẹrà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí ìparí ọdún ni ìjọba máa ṣíwọ́ fífún wa lóúnjẹ.

Nínú oṣù Kẹwàá ni ìyá ọkọ mi mú iná lọ́wọ́. Ó ní ewé ti ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, ilẹ̀ sì ti gbẹ táútáú. Chong ọkọ mi ní, "Ìyá, oṣù tí à ń sun oko ò tíì tó o."

Ìyá wò ó tòkè tilẹ̀. "Ṣé òjò ibí mọ baba yín ni? Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa ka oṣù Laos. Èmi fẹ́ jẹun ní tèmi."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí. Èmi àti ìyá la sun oko náà, gbogbo igi jó di eérú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó rẹ́rìn-ín ti ń wá tọrọ iná. Ẹ kúkú mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó lọ la kó ẹ̀fọ́ àti kùkúńbà wa lọ sọ́jà Cayenne. Kí oòrùn tó mú, gbogbo rẹ̀ ti tán. Obìnrin kan bi mí bóyá a óò tún wá. Mo ní a óò wá, inú mi sì dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Ẹ bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ará ilé. Kí ọkọ yín lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, Chong ti sun ún fún yín, mo sì ti gbin ata sí i. Ata náà ti ń yọ òdòdó. Mi ò ní ká a o, ẹ̀yin lẹ máa ká a.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà,
Blia.