Iyán Ayọ̀mípọ̀sí

Bàbá Ayọ̀mípọ̀sí mi,

Ẹ kú ilé. Dáadáa ni mo dé Àkúrẹ́, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ wa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé tako. Wọ́n ní ìjọba lè fi dí ará ìlú lẹ́nu. Àwọn ọlọ́pàá wá ní kó wá dáhùn ìbéèrè díẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, wọn ò tíì bi í tán.

Iyán ni mo ń gún lọ fún un. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú òun, ni mo bá gé òkèlè ńlá.

Ó ní, "Màámá, ẹ rọra, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Mo ní, "Ọmọ Oǹdó kì í tọ́ iyán wò, ńṣe là ń jẹ ẹ́."

A jọ rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì jẹ́ kí n rí ọmọ wa, ṣùgbọ́n òfìfo ni kúlà tí mo fi ń gbé iyán lọ ń padà. Lónìí nìkan ló padà bí mo ṣe gbé e lọ. Wọ́n ní ọmọ wa ti yó.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí wọ́n gbàdúrà fún wa, ẹ má sọ ìdí rẹ̀.

Èmi Adépéjú yín.