Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Àríkẹ́

Katako, Niamey,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, ọdún 1995.

Ànísátù ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Owú ń jẹ mí. Kì í ṣe owú orogún o, bàbá rẹ kò fẹ́ ìyàwó lé mi, orúnkún tó ń dùn ún ti tó wàhálà fún un. Ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń jowú, nítorí ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ náà yóò dàgbà tán, yóò sì máa pè mí ní "màmá tó ń ta abọ́ ní Katako", bí ìgbà tí ènìyàn ń júwe ọ̀nà fún onítakisí.

Wàyí o, mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ààwẹ̀ kò nira jù ní Kútọnu, pẹ̀lú iṣẹ́ ìdúró tí ẹ ń ṣe ní ilé oògùn yẹn? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó bá ọ nígbà tí o ti jẹun ìṣínu yó. Àwa náà wà láàyè. Ìbò oṣù tó kọjá ti parí, ṣùgbọ́n àwòrán àwọn olóṣèlú ṣì kún ara ògiri. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá já bọ́, èmi ń fi wé abọ́ fún oníbàárà.

O kò sí nílé nígbà tí Zàlìhà bímọ fún Lùkúmàn ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí náà jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìyá ọkọ ló ń wá wẹ ọmọ. Mo ti ra ọṣẹ dúdú, mo ti ra òrí àti kànìnkànìn tuntun, mo sì yọ ike ìwẹ̀ tó dára jù lọ nínú ọjà mi sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Zarma, ẹ̀yà Zàlìhà, a máa gba ọmọbìnrin wọn padà sílé láti bí àkọ́bí, yóò sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí ogójì ọjọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń rí i ní ilé ẹlòmíràn ní ìlú yìí, n kò rò pé ó lè kan ilé mi. Nígbà tí mo fi máa ru ike dé ilé wọn ní Gamkalley létí odò, Bíbátà, ìyá Zàlìhà, ti wẹ ọmọ tán, ó ti lé tìróò fún un. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó bu omi tútù fún mi bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò. Mo ru ike mi padà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà títí di òní.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ṣe ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn tí àlùfáà pè é ní Màríámọ̀, mo fi ẹnu sí i létí, mo fún un ní oríkì: "Àríkẹ́, a-rí-ṣìkẹ́, ọmọ arìnnà-kóre-bọ̀." Wọ́n gbé oúnjẹ dé, ariwo sọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àríkẹ́ ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ló mọ̀: ba. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ṣáájú ààwẹ̀, gbogbo wa wà ní ilé Lùkúmàn ní Banifandou. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó wo èmi àti Bíbátà, ó ní, "Ba, ba." Bíbátà pàtẹ́wọ́: "Ẹ gbọ́? Lédè wa, ẹni tó bá ní ba ń fẹ́ nǹkan. Èmi ló fẹ́!" Mo ní, "Rárá o, àna mi, ọmọ Yorùbá ni. Ó ní kí òun bá mi lọ sílé." Àlhájì Mùhàmmádù, Hausa tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, dá sí i: "Ba ni àwa fi ń bẹ̀rẹ̀ tí a bá fẹ́ kọ nǹkan. Ó kọ ẹ̀yin méjèèjì ni." Ẹ̀gbọ́n rẹ, akọ̀wé Faransé, ní Faransé ni, ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́, kí wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀. Zàlìhà sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ lọ tààrà sídìí ìkòkò omi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ẹni mẹ́rin, èdè mẹ́rin, olúkúlùkù sì mú ọ̀rọ̀ ọmọdé sí àpò ara rẹ̀.

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà kò dára. Mo fi Hausa sọ ọ́ kí Bíbátà lè gbọ́ ọ yé. Mo ní, "Ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, kó má ṣe ka ọmọ ọmọ mi mọ́ ohun tó gbìn." Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dágbére fún gbogbo ilé, kò dágbére fún mi.

Kò pẹ́ sí i ni Zàlìhà rí iṣẹ́ olùkọ́. Lẹ́yìn Ìtúnu ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì já ọmọ lẹ́nu ọmú. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni a ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè gbàgbé ọmú. Àwọn Zarma náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí àṣà wa ti pàdé, ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà: ìyá àgbà méjì, ọmọ kan. Lùkúmàn ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù, mo ṣì ń rò ó."

Èmi kò ní sùúrù. Mo ń dín àkàrà, mo ń gbé e lọ sí Banifandou lẹ́yìn ìrun alásàrí lójoojúmọ́, kí ọmọ lè kọ́ bí a ti ń pe "Màmá àgbà". Bàbá rẹ rí i tí mo ń fi àwòrán olóṣèlú wé àkàrà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Ìyá Lùkúmàn, gbogbo wọn ti dìbò tán o. Ìwọ nìkan ló kù tó ń bọ́ olùdìbò." Àríkẹ́ jẹ àkàrà tán, ó nu ọwọ́ sí ìró mi, ó ní, "Ba."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bàbá rẹ ní kí n lọ bẹ Bíbátà. Kí n má fi ẹnu ààwẹ̀ purọ́, n kò lọ bẹ̀ ẹ́, mo lọ yọjú wò ó ni. Mo bá a láàárín oko sàláàdì rẹ̀, ó ń bomi rin ín. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún oorun. Ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àríkẹ́, a-rí-ṣìkẹ́, ọmọ arìnnà-kóre-bọ̀." Ó fi ahọ́n Zarma lọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ọmọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó dákẹ́.

Ànísátù, inú mi gbóná. Ó gba ìwẹ̀, ó gba ogójì ọjọ́, ó tún wá gba oríkì mọ́ ọn! Ó rí mi, kò sì dúró, títí ọmọ fi sùn. Ó wá rọra ní, "Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo ti dì í mú lẹ́nu rẹ. Bí n kò bá pè é, kì í sùn. Ṣùgbọ́n ibi tí o dúró sí ni mo dúró sí. Ó kù, àbí kò kù?"

Ó kù. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìyókù. Oríkì ilé bàbá rẹ, mo fi í sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, mo rò pé yóò máa dúró dè mí. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, n kò ki ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo àkàrà tí mo dín, kí ó lè máa pè mí ni. Èmi kò pè é.

Mo sọ fún un pé ìyókù wà lọ́wọ́ ọmọ mi ní Kútọnu. Ó lọ jókòó sórí ẹní tó tẹ́ sétí oko, ó sún fún mi, ó ní, "Wá máa kì í fúnra rẹ. Ẹní yìí gba ẹni méjì." Mo tọrọ àforíjì nígbà náà, ó kù díẹ̀ kí ó má jáde lẹ́nu mi. Mo sì fi kún un pé ẹní náà ti ya. Ó rẹ́rìn-ín, ó já sàláàdì fún mi. A fi ṣínu. Ó dùn, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ fún un.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Lùkúmàn dé. Ó ní Gamkalley ni ọmọ ń lọ, pé pákó, ìṣó àti irin àlòkù ló yí ìsọ̀ mi ká, ọmọ tó ń rìn tagetage kò lè gbé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹnu mi ti gbà, inú mi kò tíì gbà. Mo máa lọ sórí ẹní yẹn lójoojúmọ́ tí mo bá ti pa ìsọ̀ dé, ṣùgbọ́n n kò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé. Ọdún méjì tí o lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ, o máa ń kọ ohun tó fi ń kì ọ́ láràárọ̀ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan. Jọ̀wọ́, wá a jáde. Dà á kọ fún mi láti òkè dé ilẹ̀, má fo ìlà kankan, kí o sì fi fún Ṣítù awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá láti Kútọnu.

Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ wa. Kí ó pèsè ọkọ rere fún ọ, kí ọjọ́ tí ìwọ náà bá bímọ, èmi ni kí n wẹ̀ ẹ́, n kò ní bá ẹnikẹ́ni pín in.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣọ́nà,
Wúràọlá Gbàdàmọ́sí.

Mo gbàgbé èyí: má ṣe fi í sínú lẹ́tà Lùkúmàn o. Yóò kà á fún ìyá ìyàwó rẹ̀ kí n tó gbọ́, orí obìnrin yẹn sì tètè ń gba nǹkan. Jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan péré ṣáájú rẹ̀. Tètè dá èsì padà, kí Ìtúnu tó dé.