Ata Ilẹ̀ Pupa àti Sùtánà Naomi

Ìgàndó, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Mubarakah ọ̀rẹ́ mi,

Àlàáfíà fún ọ àti fún gbogbo ará ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbàgbọ́ pé ara Màmá ti ń mókun, àti pé ariwo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ò tíì sọ ọ́ di adití. Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

O ní kí n kọ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn ṣe nílé ìwé tí kò ní láàbù. Ata ilẹ̀ pupa, tí òyìnbó ń pè ní turmeric, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fi kun bébà, yóò di yẹ́lò. Ẹ kán omi ọṣẹ sí i, yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, yóò tún padà di yẹ́lò. Àwọn ọmọ mi pariwo ayọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tá a ṣe é, èmi náà sì ń yan bí ọ̀gá.

Naomi, ọ̀kan nínú wọn tó ń múra ìdánwò ọdún kẹta, ò fọwọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àyà aṣọ. Àbàwọ́n náà ò hàn tó bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ ki sùtánà bọ omi ọṣẹ lọ́jọ́ Sátidé, tí àyà aṣọ pọ́n. Ìyá figbe ta. Àwọn aládùúgbò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lòun rí, pé ayé fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ló bá di ẹrù Naomi, ó fẹ́ gbé e sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlàjẹ, ìdánwò sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré.

Nígbà tí mi ò rí ọmọ náà ní kíláàsì títí di ọjọ́ Wẹ́sidé, mo lọ sílé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mubarakah, ojú tì mí. Mo ṣàlàyé títí, ìyá ò wojú mi. Ó ní, “Àǹtí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé jàre. Ẹ jẹ́ n gbé ọmọ mi sá.” Naomi kàn dìde ni. Ó mú sùtánà náà àti ọsàn wẹ́wẹ́ wá, ó fún un sójú àbàwọ́n náà, ó sì di yẹ́lò lójú gbogbo wa.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, “O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?” Ó ní, “Mo mọ̀ látọjọ́ Sátidé, Mọ́mì. Àwọn àgbà ń gbàdúrà, ẹ̀yin náà ń sunkún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

Ìyá ò bá a wí. Ó ṣí báàgì tó ti dì, ó yọ yunifọ́ọ̀mù síta, ó ń fọwọ́ na ibi tó ti ká.

Naomi ti padà, yóò ṣe ìdánwò rẹ̀. Èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Mi ò kọ́ wọn bí ọmọdé ṣe ń sọ ohun tó rí fún àgbà tí ẹ̀rù ń bà. Lánàá mo bi kíláàsì léèrè: ta ló ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan rí, tó dákẹ́ torí pé àgbà ló ń sọ̀rọ̀? Gbogbo wọn nawọ́. Ìgbà tí mo máa wò, ọwọ́ tèmi náà ti wà lókè.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣeni lóore jíǹkí àwọn ọmọ tó fi sí wa lọ́wọ́, kó sì má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa da iṣẹ́ wa rú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tá a jọ pín bẹ́ẹ̀dì nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni,
Àdíját.

Àfikún: Kí wọ́n fọwọ́ dáadáa o! Kí kálukú wọn sì tún un ṣe nílé lójú òbí rẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé.